Ìgbà Wo Ni Ó Yẹ Kí A Bẹ Ọ̀rẹ́ Àtijọ́ Wò?

Bí ìwé ìròyìn wa yìí bá bá yín nínú òjò, ẹ kú òjò. Bí ó bá jẹ́ àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni ó tó yín lọ́wọ́, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀. Bí ọyẹ́ bá sì ti dé tí ètè ti ń ya, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn. N kò mọ èyí tí n bá mú nínú wọn, nítorí pé n kò rí yín, n kò sì mọ irú ojú ọjọ́ tí ẹ jókòó sí. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí kò jìnnà sí èyí.

Àwọn baba ńlá wa ṣe nǹkan kan nínú èdè wa tí ó máa ń yà mí lẹ́nu. Kò sí àsìkò tí kò ní ìkíni tirẹ̀. A ń kí ẹni tí òjò ń pa, a ń kí ẹni tí oòrùn ń pa, a ń kí ẹni tí òtútù ọyẹ́ ń mú. Bí ẹnìkan bá wọlé tí ó wí pé, "Ẹ kú òjò o," òun náà ti rin. Omi ń kán láti etí gèlè rẹ̀ bí ó ti ń wí i. Ẹni tí ó ń kí ni àti ẹni tí a ń kí wà lábẹ́ ojú ọ̀run kan náà. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2001 tí fóònù alágbèéká ti dé Nàìjíríà, a ti kọ́ irú ìkíni mìíràn. A ó kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé òjò ti ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín?" Ìgbà tí onítọ̀hún bá dá wa lóhùn ni a ó tó mọ ìkíni tí ó yẹ ẹ́. N kò bú fóònù o. Òun ni mo fi ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ mi. Mo kàn rí i pé ẹni tí ó níláti béèrè bóyá òjò ń rọ̀ kò sí nínú òjò náà ni.

Ìyá kan nínú wa béèrè ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ìpàdé wa ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan wà ní abúlé, tí wọ́n ti jọ ń bọ̀ láti ìgbà èwe. Ó ní tẹ́lẹ̀ òun máa ń lọ kí i ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí òun bá ṣírò owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, òun a rí i pé owó náà tó ra gàrí tí ọ̀rẹ́ òun yóò jẹ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. "Ṣé kì í ṣe pé kí n kúkú fi owó ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí i?" Bí ó ti bi wá nìyẹn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìbéèrè yìí. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Epo tí a ń rà ní iye tí kò tó igba náírà fún lítà kan ti tó nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kí ọdún 2024 sì tó tán ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan náírà ní ọ̀pọ̀ ibi. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí èyí ṣe sí owó ọkọ̀. Nítorí náà, obìnrin tí ó ní kí òun fi owó ránṣẹ́ kì í ṣe ahun, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ìfẹ́ ni ó mú un ṣírò. Ó mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun kò lè jẹ ẹ̀rín òun, kò sì lè fi ìtàn tí àwọn bá jọ pa se ọbẹ̀. Àwọn àgbà sì wí pé bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Bí owó bá lè lé ebi lọ ju ẹsẹ̀ mi lọ, kí ni mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ mi ṣe?

John Wesley, tí gbogbo àwa Mẹ́tọ́díìsì kà sí bàbá, fi ẹnu ba irú ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwàásù kan tí ó kọ ní ọdún 1786 lórí bíbẹ àwọn aláìsàn wò. Ohun tí ó tẹnu mọ́ jù lọ níbẹ̀ ni pé kí a lọ fúnra wa. Ẹni tí ó rán oníṣègùn tàbí oúnjẹ sí aláìsàn ṣe ohun tí ó dára, ṣùgbọ́n kò tíì bẹ ẹ́ wò. Ó tilẹ̀ rí i pé ìdí pàtàkì tí àánú àwọn tálákà kò fi ṣe àwọn olówó ni pé àwọn olówó kì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Ohun tí ojú kò rí, ọkàn kò mọ bí yóò ti dùn ún. Ó sì là á mọ́lẹ̀ pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ọkùnrin nìkan.

Mo fara mọ́ gbogbo èyí. Síbẹ̀, ó dà bí ẹni pé ìdáhùn náà kò tíì tó fún ìyá tí ó bi wá léèrè, nítorí pé kì í ṣe gbogbo àbẹ̀wò ni ó ń jẹ́ kí ojú ríran. Ẹnìkan lè lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá kí ó má rí nǹkan kan. Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí a béèrè bóyá kí a lọ, kí a sì tún béèrè pé ní àsìkò wo ni kí a lọ.

Ẹ wò ó bí àwa tí a ń gbé ìlú ńlá ti ń ṣe é. Oṣù kejìlá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ sílé. Bí kò bá jẹ́ Kérésìmesì, á jẹ́ Ọdún Àjíǹde, tàbí kí òkú àgbà kan kú, kí wọ́n sì fi ìsìnkú rẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀rùn kí òjò má baà bà á jẹ́. Ìdí wà fún èyí. Ọ̀nà oko kì í yọ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ kì í rì sínú ẹrẹ̀, aṣọ ẹgbẹ́jọdá kì í rin. Àsìkò tí ó rọrùn fún àlejò ni a ń yàn. A kì í sì í bi ara wa bóyá òun náà ni àsìkò tí ó ń fi ojú onílé hàn.

Èmi mọ ọ̀nà Òkè-Ògùn dáadáa. Tíṣà ni mo jẹ́ níbẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1976, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ kò sì tíì pé ọdún kan tí wọ́n dá a sílẹ̀. (Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé ní apá ọ̀dọ̀ wa, ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn nìyẹn.) Láti Ìbàdàn, a ó gba Mọ́níyà, a ó kọjá Ìjàyè tí ogun fọ́ ní ọdún 1862, títí a ó fi dé Ìsẹ́yìn, kí a tó tún tẹ̀ síwájú. Bí ọkọ̀ bá ti ń lọ, igbó a máa dínkù, ọ̀pẹ a máa fọ́n ká, igi emi àti igi irúgbá a sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú láàárín pápá. Mo ti gba ọ̀nà yẹn ní gbogbo oṣù tí ó wà nínú ọdún.

Ní oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní, ó lẹ́wà púpọ̀. Ọyẹ́ á bo orí òkè bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ funfun tí a lò gbó bò ó. Àwọn obìnrin á sá iṣu tí wọ́n bó sí orí àpáta kí ó lè gbẹ fún ẹ̀lùbọ́. Ẹ ó rí i lọ rẹrẹ, òórùn rẹ̀ á sì wọ inú ọkọ̀. Àwọn lékeléke á tẹ̀lé màlúù ní pápá, àwọn ọmọdé á sì máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún àwọn ní èékánná funfun. Agbálùmọ̀ á ti dé ẹ̀gbẹ́ títì. Nígbà tí ó bá fi máa di oṣù kejì, òdòdó pupa á rọ̀ sórí igi irúgbá bí ìlẹ̀kẹ̀ etí, èso rẹ̀ á sì wá gbó lẹ́yìn náà. Ìyàwó ilé tí ó bá ní iṣu nínú àká á gún iyán fún àlejò. Aṣọ tuntun ni gbogbo ènìyàn wọ̀. Ẹ ó bi ọ̀rẹ́ yín pé, "Ṣé dáadáa ni?" òun náà á wí pé, "A dúpẹ́," ẹ ó sì gbà á gbọ́, nítorí pé ohun gbogbo tí ojú yín rí ni ó ń wí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ̀ẹ̀rùn máa ń bò mọ́lẹ̀, tí ẹni tí kò ṣe oko rí lè má mọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ilẹ̀ ni ó jọra. Ìtàkùn iṣu ti gbẹ, wọ́n ti wa iṣu, iná ti jó koríko. Oko tí wọ́n ti kórè igba iṣu àti oko tí ẹnikẹ́ni kò fi ọkọ́ kàn ní ọdún náà, ilẹ̀ dúdú kan náà ni wọ́n. Ẹ lè dúró sí ẹ̀yìnkùlé ọ̀rẹ́ yín kí ẹ máa yin atẹ́gùn, kí ẹ má sì mọ̀ pé kò gbin nǹkan kan síbẹ̀.

Ẹ wá lọ ní oṣù kẹfà. Òjò ti rọ̀ fún bí oṣù mẹ́ta. Gbogbo nǹkan ti yọ ewé, ojú ọ̀nà ti tóóró nítorí pé koríko ti ga ju orí ènìyàn lọ. Àgbàdo tí wọ́n gbìn ní oṣù kẹta ń yọ irùkẹ̀rẹ̀. Olú ń hù níbi tí ewé ti jẹrà. Ìtàkùn iṣu ti pọ́n igi dé òkè, a sì lè fi ojú ka ebè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní àsìkò yìí, ilẹ̀ kò lè parọ́. Ibi tí wọ́n ti gbìn yóò hàn, ibi tí wọn kò ti gbìn yóò hàn pẹ̀lú. Nínú gbogbo ewé tútù yìí gan-an sì ni ebi wà. Iṣu ọdún tó kọjá ti tán tàbí ó ti ń rà. Iṣu tuntun kò tíì tó wà títí di oṣù keje tàbí oṣù kẹjọ. Ẹ̀lùbọ́ ti wọ́n lọ́jà. Ẹni tí ó bá fi ojú àlejò wò ó yóò wí pé ọ̀pọ̀ ti dé, nítorí pé ilẹ̀ tutù. Onílé ni ó mọ̀ pé ewé kì í ṣe oúnjẹ.

Ní irú oṣù kẹfà bẹ́ẹ̀ ni mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì ní ọdún 2024. Ẹgbẹ́ ni wá. Òun ni ó kọ́kọ́ ta ẹ̀kọ fún mi ní àwìn nígbà tí wọn kò tíì san owó oṣù mi àkọ́kọ́, a kò sì yà láti ìgbà náà. Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Tiwa ti ń lọ sí àádọ́ta. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, báwo ni?" Ó ní, "A dúpẹ́, Tíṣà. Ara le. A ò kú, a ò rùn." Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara.

Nígbà tí mo dé, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ kí n lè ṣan ẹsẹ̀ mi. Ilẹ̀ tí ó máa ń kọ ebè iṣu sí, tí mo mọ̀ bí ẹní mọ àtẹ́lẹwọ́ mi, koríko ni ó kún ibẹ̀. Ìdí ebè mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ni mo rí ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. N kò wí nǹkan kan. Mo wọlé, mo jókòó. Ó ń ro bí yóò ti se oúnjẹ fún mi, mo rí i ní ojú rẹ̀. Kì í ṣe àìsàn ni, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tí ó máa ń bá a kọ ebè ti béèrè owó tí apá rẹ̀ kò ká, àwọn ìbejì náà wà ní ìlú tí nǹkan le koko fún wọn, kò sì fẹ́ dà wọ́n láàmú. Ó ta àwọn iṣu èbù rẹ̀ kí ó tó di àsìkò gbígbìn. Ẹni tí ó bá ta iṣu èbù, ọdún tí ń bọ̀ ni ó tà.

Ṣé irọ́ ni ó pa fún mi lórí fóònù? Mo ti ro èyí púpọ̀. Èmi kò rò pé irọ́ ni. "A dúpẹ́" kì í ṣe ìròyìn nípa ohun tí ó wà nínú ìkòkò. Aṣọ ìkélé ni, tí a fi ń bo ẹnu ọ̀nà kí ẹni tí ń kọjá lọ má baà rí inú yàrá. Gbogbo ọmọlúàbí ni ó ní irú aṣọ ìkélé bẹ́ẹ̀, bí a bá sì fà á ya, a ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi í dí ojú ẹni tí ó ti wà nínú ilé. Ẹni tí ó bá dúró sí ìta lórí fóònù níláti fi "a dúpẹ́" sílẹ̀ bí ó ti gbọ́ ọ. Nítorí náà, sí ìyá tí ó béèrè ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀, ohun tí n óò sọ ni èyí: èló ni ìwọ ì bá fi ránṣẹ́? Nítorí kí ni? Ọ̀rẹ́ rẹ ti wí fún ọ pé dáadáa ni. Owó tí a fi ránṣẹ́ láìmọ ohun tí ó jẹ́ àìní lè ra gàrí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ilẹ̀ sì wà láìgbìn. Ẹsẹ̀ tí ó kọ́kọ́ lọ ni yóò fi ibi tí owó yẹ kí ó lọ han owó.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé àbẹ̀wò ní àsìkò àìní ni ó ń dójú ti onílé jù. Òtítọ́ ni. Láàárín àwa Yorùbá, àlejò tí kò jẹun níwájú ẹni dà bí ẹni pé a lé e ni. Ẹni tí ó bá dé bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìgbà tí kò sí nǹkan nílé, ó lè jẹ́ kí ó yá gbèsè nítorí ìyán àlejò. Mo ti rí ìyá àgbà kan tí ó pa adìẹ kan ṣoṣo tí ó ní. Nítorí náà, bí a ti ń lọ ṣe pàtàkì. Kí àlejò má ṣe wọlé bí ẹni tí ó wá ṣe ìwádìí, kí ó má sì gbé àpò ìrẹsì lé orí bí àwọn tí ń wá ìbò. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta lọ kí Jóòbù, wọ́n jókòó tì í lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ méje láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Màríà ní tirẹ̀ lọ sí ilẹ̀ olókè lọ́dọ̀ Èlísábẹ́tì nígbà tí oyún yẹn ti di oṣù kẹfà, ó sì gbé ibẹ̀ ní ìwọ̀n oṣù mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ ti lóyún rí mọ ohun tí àgbàlagbà obìnrin nílò láti oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án. Kò lọ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ nìkan.

Ohun tí oṣù kẹfà ní tí kò sí ní oṣù kejìlá ni iṣẹ́. Ìgbà náà ni èso emi ń já bọ́. Àwọn obìnrin á jí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí ẹran tó jẹ ẹ́, wọ́n á ṣà á sínú agbọ̀n. Wọ́n á jẹ ara èso náà, ó dùn, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ebi ní àsìkò náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á se kóró rẹ̀, wọ́n á sá a, wọ́n á pa á, wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó pẹ̀lú omi títí ọ̀rá rẹ̀ yóò fi léfòó, kí wọ́n tó gbé e kaná tí yóò di òrí. Kò sí iṣẹ́ tí ó dára bí ẹni pé kí ènìyàn méjì jókòó ti òkìtì emi kan kí wọ́n máa pa á. Ọwọ́ á máa ṣiṣẹ́, ojú kò ní pọn dandan láti pàdé ojú, ọ̀rọ̀ á sì máa bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kejì tí mo lò níbẹ̀ ni Ìyá Ìbejì sọ ti iṣu èbù fún mi, láìjẹ́ pé mo béèrè. Gàrí àti ẹja gbígbẹ tí mo gbé lọ, mo ti kó wọn sínú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe láti ọdún 1976. Kò rí i bí ìtọrẹ. Nígbà tí mo ń bọ̀, ó di òrí fún mi, mo sì gbà á. Bí ń kò bá gbà á ni ọ̀rọ̀ ì bá bàjẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni mo wá fi owó iṣu èbù àti owó alágbàṣe ránṣẹ́ sí i lórí fóònù kan náà tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

N kò wí pé kí gbogbo ènìyàn máa lọ sórí ọ̀nà o. Orúnkún àwọn kan nínú wa kò gba ọ̀kadà mọ́. Ìbẹ̀rù ajínigbé kì í ṣe ohun àfẹnusọ lásán, ẹni tí wọ́n bá sì wí fún pé kí ó má gba ọ̀nà kan, kí ó gbọ́. Ẹni tí kò lè lọ lè rán ọmọ rẹ̀ tí ó lójú inú, kí ó sì wí fún un pé kí ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ohun mìíràn wà tí ó yẹ kí a fi kún un. Àsìkò fúnra rẹ̀ kò dúró sí ojú kan mọ́. Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà, ẹni tí ó bá fi àgbàdo sílẹ̀ ní ìparí oṣù kẹta kì í sábà kábàámọ̀. Lónìí, àkọ́rọ̀ òjò lè dé kí ó sì tún lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àgbàdo á hù, á gbẹ, wọ́n á sì tún irúgbìn rà. Ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba àpapọ̀, NiMet, a máa kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún bí òjò yóò ti rọ̀ sí, ó sì dára kí a fetí sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ìkéde tí yóò sọ fún mi pé àgbàdo ọ̀rẹ́ mi ti gbẹ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹni tí ó bá ń ka ìgbà ebi sí oṣù kẹfà àti ìkeje nìkan nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí láyé àtijọ́, ó lè dé kí ebi ti wọlé tipẹ́.

Ǹjẹ́ ìlú ńlá ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀? Ìyá Ìbejì ni ó dá mi lóhùn èyí. Ó wá kí mi ní Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ ọdún tó tẹ̀lé e, nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀, tí ojú ọjọ́ ṣú ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ gbẹ. Owó ìfẹ̀yìntì mi kò tíì wọlé fún oṣù bíi mélòó kan nígbà náà, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ìlú, kò sí ebè tí ènìyàn lè kà. Ilé tí owó wà àti ilé tí owó kò sí, fèrèsé kan náà ni wọ́n ní. Mo ní, "A dúpẹ́," nígbà tí ó béèrè. Kò fèsì. Ó wọ ilé ìdáná lọ láti bu omi mu, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ó jáde, ó jókòó, ó tú ẹrù rẹ̀: ẹ̀lùbọ́, irú tí ó fi ewé wé, àti iṣu mẹ́fà láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó ní ẹrù náà ti wúwo jù, òun kò lè gbé e padà. Ó sùn ní ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ó ń wọ ọkọ̀ ní Mọ́níyà, ó yọ orí láti ojú fèrèsé, ó ní, "Tíṣà, n óò tún dé ní oṣù kejì, kí agbálùmọ̀ tó tán. Má wulẹ̀ pè mí pé kí n má wá."